Ojú Tó Rí Ihò Abẹ́rẹ́

Hósítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ti ẹ̀rọ, ẹ sì kú àìgbúròó mi. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa sọ pé ọmọ yìí ti dé ọ̀nà jíjìn, ó ti gbàgbé ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n. N kò gbàgbé. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni kò jẹ́ kí n mí.

Aṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Ó bá mi mu bí ẹni pé àná ni ẹ fi téèpù wọn mí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ ìṣirò, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé kì í rẹ́rìn-ín, yí ọrùn aṣọ náà síta, ó wo ojú rírán inú rẹ̀ títí, ó ní, "Ta ló rán èyí?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì ń gba ọmọ.

Yàrá wa kò tóbi. Bí mo bá na apá, ọwọ́ mi kan bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Fèrèsé wa kọjú sí ògiri, nítorí náà a kì í mọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú àfi tí wọ́n bá tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èrò pọ̀ níbí, Màmá, ṣùgbọ́n èrò tí kò mọ ẹnìkan ni. Ẹ lè gba àárín igba ènìyàn kọjá lọ sí ilé oúnjẹ kí ẹnikẹ́ni má bi yín pé ṣé ẹ sùn dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní kíláàsì tí a ti ń kọ́ ìtọ́jú ojú, wọ́n pín ojú màlúù fún wa láti ṣí. Inú rẹ̀ kún fún ohun kan tó ń yọ̀ bí funfun ẹyin. Láti ìdí rẹ̀ ni okùn kan ti jáde, tí ì bá wọ inú ọpọlọ lọ. Olùkọ́ wa obìnrin fi ṣóńṣó abẹ kan okùn náà, wọ́n ní, "Ojú kì í ríran. Ojú ń gba ìmọ́lẹ̀ ni. Okùn yìí ló ń gbé e lọ sílé. Bí okùn bá kú, kí ojú mọ́ bí omi òjò, òfo ni." Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé ìdí oúnjẹ, n kò sì jẹun púpọ̀.

Nígbà mìíràn, ara wa la fi ń ṣe ìdánrawò. Ẹnìkan á jókòó, á gbé àgbọ̀n lé irin, ẹnìkejì á tanná wo inú ojú rẹ̀. Èmi kì í fẹ́ jókòó. Ẹ̀yìn iná ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bí wọ́n bá ti tan iná yẹn, Bàbá Àgbà ni mo máa ń rántí, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá wá ojú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ṣé kò sí wàhálà nílé? Ẹ bá mi kí Màmá Oníbúrẹ́dì.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì.

Ọmọ mi, alójú-màlúù,

Mo kí ọ o. Sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé mo ń gba ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi a máa gbálẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Ìwọ náà, máa jẹun. Ẹni tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ láti ilé, tó tún lọ ń wo inú ojú ẹran kó tó jẹun alẹ́, kí ló fẹ́ kí ó kù lára rẹ̀?

O ní ṣé kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Ẹni tí o ní kí n bá ọ kí yẹn, kò sí kíkí láàárín àwa méjèèjì mọ́. Ìyálé mi ni wọ́n, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, mo sì mọ ìwọ̀n ara mi. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, búrẹ́dì àárọ̀ wọn kò tíì yẹ̀ lórí tábìlì mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi.

Mo ń ti ọjà bọ̀, wọ́n jókòó sí iwájú ilé wọn. Wọ́n ní àwọn kí mi. Wọ́n ní àwọn pè mí, "Ìyàwó, ìyàwó," mo sì gbé orí sókè, mo kọjá bí ọlọ́pàá. Mo ní mi ò rí wọn. Wọ́n ní, "O ò rí mi? Èmi tí mo tóbi tó ààrò búrẹ́dì?" Gbogbo òpópónà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wò mí, pé láti ìgbà tí ọmọ mi ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ọrùn mi ti le. Mo dá wọn lóhùn. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ síbí, ọmọ ni ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kò ti rí bó ṣe yẹ. Àlùmọ́gàjí mi ńlá sọnù. Mo wá a títí, mo pariwo lé àwọn ará ilé wọn lórí pé ta ló wá gbé e. Ìgbà tó yá ni mo rí i lẹ́bàá ọwọ́ òsì mi lórí tábìlì, ibi tó ti ń wà tipẹ́. Ta ló dá a padà? O mọ ẹni tí mo fura sí. Áyọ́ọ̀nù tún jó mi lápá, apá òsì kan náà tó jó níjọ́sí. Ó rẹ̀ mí ni.

Bí ibi tí o wà bá ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó tín-ínrín, rà á fún mi. Tibí ń tètè ṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Màmá mi,

Ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ tó ń dunni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti ààrò búrẹ́dì. Mo tún ìwé náà kà, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu mi.

Ẹ dárí jì mí, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: nígbà tí ẹ ń ti ọjà bọ̀, ọwọ́ yín wo ni Màmá Oníbúrẹ́dì wà? Mo ya òpópónà wa sórí ìwé. Bí ẹ bá kọjú sílé, ọwọ́ òsì ni ilé wọn bọ́ sí. Ibi tí àlùmọ́gàjí ti sọnù, ọwọ́ òsì. Apá tí áyọ́ọ̀nù ń jó, òsì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ wa. Ojú ní omi tirẹ̀ nínú, yàtọ̀ sí omijé. Ó ń sun níbẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tóóró tó ń gbà jáde. Bí ọ̀nà náà bá ń dí díẹ̀díẹ̀, omi á máa pọ̀ sí i, inú ojú á le bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ jù, á sì máa tẹ okùn ìdí ojú pa. Kì í dunni. Ojú kì í pọ́n, kì í ṣepin. Ẹ̀gbẹ́ ni ìran ti kọ́kọ́ ń kú, àárín ló ń kẹ́yìn. Ohun tó bá ti kú nínú okùn yẹn kì í jí mọ́. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú wà, ṣùgbọ́n ìyókù nìkan ló lè dáàbò bò. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ yára nìyẹn.

Ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé. Mo rò pé òun ló mú ojú Bàbá Àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́sẹ̀ tí ìwé yìí bá dé. Ẹ má ra oògùn ojú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin.

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Mi ò mọ̀ pé o ti di dókítà. Mo ní wọ́n bú mi lójú gbogbo ènìyàn, o ní ọwọ́ wo ni wọ́n jókòó sí. Ọmọ ẹlòmíràn á bá ìyá rẹ̀ bínú. Tèmi ń ya òpópónà.

Nígbà tí mo kà á tán, mo mú abẹ́rẹ́ tó kéré jù lọ nínú agolo mi, mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ni, ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ. Mo fi òwú dúdú sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló wọlé. Ìyálé mi wà lódìkejì, mo gbé e sókè kí wọ́n lè rí i. Àwọn obìnrin tí mo jù lọ lọ́jọ́ orí ń wá gíláàsì kiri kí wọ́n tó lè fi òwú sábẹ́rẹ́. Ojú tó rí ihò abẹ́rẹ́, kí ni kò ní rí?

Ọjọ́ ogbó ló mú ojú bàbá mi. Má di àìsàn lé òkú lórí. Wọ́n rán ọ lọ kọ́ṣẹ́, kọ́ ọ. Má fi mí kọ́ṣẹ́.

Mo ṣì ń retí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ.

Ìyá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin.

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Orúnkún méjèèjì wà nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wà nínú ìwé yìí, mo fi páálí dì í kó má baà gún ẹni tó ń pín lẹ́tà.

Ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ihò abẹ́rẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fojú sí ihò rẹ̀, kí ẹ wo òpópónà. Ẹ ó rí bọ́tìnnì lára ẹni tó dúró lọ́nà jíjìn. Ẹ ò ní rí ẹni tó fara ti ilẹ̀kùn. Ihò náà mọ́, kò sí ẹrẹ̀, kò sí kùrukùru, ohun tó bá sì fi hàn, òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yìí ṣe máa ń fi ojú sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níwájú ìka rẹ̀ ló ń tàn jẹ jù, nítorí pé ibi tó ń wò lójoojúmọ́ ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Bí ẹ ò bá fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ṣe èyí. Kí ẹnìkan jókòó kojú yín, orúnkún kan orúnkún. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí ẹ tẹjú mọ́ imú ẹni náà, ẹ má yíjú. Kí ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín, kó máa mi ìka, kó máa mú un bọ̀ sáàárín díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ìka tó ń mì, ẹ sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bo òsì, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀tún. Ẹ má dá a ṣe, Màmá. Ẹni tó bá dá a ṣe mọ ibi tí ọwọ́ ara rẹ̀ wà, á sì rò pé òun rí i.

Kò sí ohun tuntun níbí. Òjò ń rọ̀, ògiri tó kọjú sí fèrèsé wa ti hu ewédò. Lónìí ó kàn mí láti jókòó sórí àga ìdánrawò. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Màmá Oníbúrẹ́dì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, Màmá. Ẹ kú iná, ẹ kú ooru. Ó yẹ kí ìyá mi mọ̀ pé mo ń kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n wọn kò dá mi lóhùn mọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ síbi tí wọ́n ń kó lẹ́tà sí. Ní báyìí, bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá ti rí mi lókèèrè, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí kí n má baà rin ìrìn òfo.

Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. N kò ní dá ẹjọ́ àgbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀: ìyá mi kò fojú di yín, wọn kò rí yín ni. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Ẹ wò ó bóyá ẹni tó bá ti apá òsì wá máa ń dẹ́rù bà wọ́n.

Mo kọ ìdánwò kan sẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ ṣe mí bí ọmọ tí ẹ fi búrẹ́dì tọ́. Ẹ lọ jókòó síwájú wọn. Bí wọ́n bá lé yín, ẹ má lọ.

Ọmọ yín ni mo jẹ́.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje.

Ọmọ mi,

O kó ẹjọ́ mi lọ bá ẹni tí mo ń bá jà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí o mọ̀ pé mo sọ ọ́.

Wọ́n wọlé láìkanlẹ̀kùn, fúláwà wà lọ́wọ́ wọn dé ìgúnpá. Wọ́n ní, "Ìyàwó, jókòó." Mo ní mi ò ráyè. Wọ́n ní, "Èmi náà kò ráyè, búrẹ́dì mi wà nínú ààrò. Bo ojú kan, kí o wo imú mi. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn imú náà. Wò ó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo bá jókòó. Mi ò jẹ́ kó hàn, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ṣe ìdánwò rẹ tẹ́lẹ̀, èmi nìkan níwájú dígí, mo sì yege. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ̀wé. Mo ń retí kí o tọrọ àforíjì.

Mo bo ojú ọ̀tún, mo tẹjú mọ́ imú wọn. Ó dà bí ẹni pé èéfín wà lára imú náà, mo ní èéfín ààrò ni. Mo dúró. Mo tún dúró. Mo ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá ti múra tán." Mo tún tẹjú mọ́ imú náà. Mo ní, "Àbí ẹ ti gbàgbé ohun tí ọmọ kọ?"

Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ti ń mi ọwọ́ láti ìgbà tí o ti jókòó."

Mo yíjú. Ọwọ́ wọn wà lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Fúláwà tó ń já bọ́ láti ìka wọn ti mú èjìká òsì aṣọ mi funfun.

Búrẹ́dì wọn jóná ní ọjọ́ náà, a gbọ́ òórùn rẹ̀ níbi tí a jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó dìde.

Àwọn ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà tó wò mí, ọmọbìnrin tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù ọ́ lọ, sọ̀rọ̀ bí ìwọ gẹ́lẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Ojú òsì ti lọ, ìwọ̀nba kékeré ló kù láàárín. Ti ọ̀tún ti ń sún wọlé. Mo ní kí ó fún mi ní oògùn tí yóò dá èyí tó lọ padà. Ó ní kò sí. Ó ní bí mo bá ti tètè wá ni, àwọn ì bá gba púpọ̀ sílẹ̀. Mo bi í pé ta ni ì bá sọ fún mi? Ìyálé mi wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, nítorí òun ni èmi náà ń rò.

Mo ṣì ń fi òwú sábẹ́rẹ́. Mo ṣì ń rán. Gígé ni mi ò lè gé mọ́. Bí mo bá wo ẹnu àlùmọ́gàjí, mi ò rí ibi tó ń lọ. Mo ti ba aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan jẹ́, mo gé apá rẹ̀ wọ inú àyà. Ó ní kò burú. Ó burú.

Ìyálé mi ló béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá àìsàn ìdílé ni lóòótọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí a ti ń bọ̀ wálé, wọ́n dédé dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní, "Kọ̀wé sí ọmọ yẹn. Gbogbo ojú tó ń tanná sí níbẹ̀, ta ló ti tanná sí tirẹ̀?"

Bàbá mi. Èmi. Ìwọ ńkọ́?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ.

Màmá mi,

Ẹ kú ara ríro. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá kú ìran tó lọ. Mo ṣí ìwé tí mo fi ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sí nínú rẹ̀.

Ìwé yín dé láàárọ̀, ọ̀sán ni ìdánrawò wa. Nígbà tí olùkọ́ ní kí ẹnìkan jókòó, èmi ni mo jókòó. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ? Ìwọ tí orí máa ń fọ́?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo gbé àgbọ̀n lé irin. Irin náà tutù. Ẹni tó tanná sí mi lójú ń sọ ohun tó rí bí a ti kọ́ wa láti máa ṣe, ó ń sọ, ó ń sọ, nígbà tó yá ó dákẹ́. Mo ti wà lẹ́yìn iná yẹn pẹ́, Màmá. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn.

Olùkọ́ gba ipò rẹ̀, wọ́n wò ó fúnra wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi wọ yàrá òkùnkùn tí ẹ̀rọ kan wà. Èèyàn á tẹjú mọ́ àmì kan láàárín, iná kéékèèké á máa tàn kiri, á sì máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo rò pé n kò pàdánù ọ̀kan. Nígbà tí bébà náà jáde, igun kan dúdú lápá òsì, lókè, ó kéré bí èékánná. Àwọn iná ti tàn níbẹ̀, n kò sì mọ̀ pé wọ́n tàn. Inú ojú mi le ju bó ti yẹ lọ ní méjèèjì.

Olùkọ́ béèrè pé nígbà tí mo mọ̀ pé ó wà nínú ìdílé mi, kí ló dé tí n kò jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin ní abẹ́rẹ́. Èmi ní orí fífọ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó máa ń ta lójú. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń bá mi kán an. Ó sọ pé bí mo bá dá a ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń fi oògùn fọ̀, kì í ṣe ojú. Olùkọ́ ní bí n kò bá fi oògùn ṣeré, èyí tó kù lè bá mi dalẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni "lè". Ẹ má bẹ̀rù jù, mo ṣì ń rí gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Ẹ sọ fún Màmá Oníbúrẹ́dì pé mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ.

Ọmọ mi,

Mo gba ìwé rẹ. Mo jókòó tì í títí iná ààrò ìyálé mi fi kú. Bí mo bá ní kí n sunkún, ẹkún á fọ oògùn tí dókítà ní kí n máa kán dànù, nítorí náà mi ò sunkún.

Ìyálé mi ló ń gé aṣọ fún mi báyìí. Ọwọ́ wọn wúwo, wọ́n ń gé aṣọ bí ẹni ń gé búrẹ́dì, a sì ń jà lójoojúmọ́. Bí a bá jáde, ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n ń rìn. Bí ẹnìkan bá kí mi láti òsì, wọ́n á tẹ̀ mí níka, èmi á yíjú, èmi á jẹ́ ẹ. Òpópónà ti ń sọ pé ọrùn mi ti rọ̀.

Mo fi àlùmọ́gàjí ńlá náà ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́, èyí kékeré ni ìyálé mi ń lò, kò sì yẹ kí ó máa dìpẹtà.

Fi ìyẹn sílẹ̀. O ní o ṣì ń rí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé abẹ́rẹ́ sókè fi jẹ́rìí.

Jókòó síbi tí o wà. Ní kí Ẹlẹ́rìn-ín dúró tì ọ́ lọ́wọ́ òsì, kó mú ohun kan lọ́wọ́, kó má sọ fún ọ. Bo ojú ọ̀tún. Tẹjú mọ́ ìlà yìí, má yíjú.

Kí ló mú lọ́wọ́? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Má purọ́ fún mi.

Ìyá rẹ.